Dísíìkì Tí Mo Gbé Sókè Ààrò

Akínkúnmi, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Aya rẹ ń kọ́? Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òpin òjò ọdún yìí yóò jẹ́ ká rí àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Èmi wà, orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Phebe, ìyàwó katikísì, ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti ní kó má bù kún un, kó má bù kúrò níbẹ̀.

Àmúdà awakọ̀ gbé ẹrù tí o fi rán an ní Old Garage dé lọ́jọ́ ọjà. Mo rò pé o wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni, mo yọjú wo inú rẹ̀ títí dé ìjókòó ìkẹyìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní o sọ pé kò sídìí tí o fi ní láti wá mọ́.

Phebe ka ìwé rẹ fún mi. O ní iṣẹ́ tí o ṣe fún Bándélé atẹ̀wé, èyí tó ń to orúkọ àwọn ọmọ ìjọ wa, kò níí fẹ́ ìrànlọ́wọ́ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ Bándélé bá ṣàìsàn tí wọ́n sì fọ inú rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ náà kì í dìde, àfi kí o ti Òṣogbo wá fi ògbufọ̀ rẹ̀, èyí tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ, síbẹ̀. Ní báyìí o ti di iṣẹ́ àti ògbufọ̀ pọ̀ sínú dísíìkì kan, ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá kì í bọ̀, yóò dìde fúnra rẹ̀.

Ó yé mi. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ẹrù dídì. Baba mi Ògúnkọ̀yà, bó bá ń lọ oko ẹgàn, a máa kó ìṣáná, iyọ̀, ọ̀bẹ, ata gígún àti ìkòkò kékeré sínú àpò kan ṣoṣo. Kì í bá ẹnikẹ́ni tọrọ iná. Mo fi í yangàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n títí baba fi kú, n kò mọ ọ̀nà abà ẹni tó bá wa pààlà, nítorí a kò ní ohun tí a fẹ́ gbà níbẹ̀.

Ṣé o rántí bó ṣe máa ń rí? Ẹ̀rọ Bándélé yóò dákú, ìwọ yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ yóò gúnyán, o kò ní lọ títí a ó fi jáde ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Kí ìyá rẹ tó jáde láyé, tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bándélé, a máa béèrè pé ṣé ara ẹ̀rọ le. Bí Bándélé bá ní ó le, ojú rẹ̀ a fà ro.

Bándélé rìnrìn àjò lọ Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí dísíìkì dé, ni mo bá gbé e sókè ààrò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni baba mi ń fi ohun tó ṣe iyebíye sí, kí èéfín lé kòkòrò fún un. Nígbà tí Bándélé dé, dísíìkì ti ká kò bí ewé tó rí iná. Bándélé ká ọwọ́ lérí, ó ní, Baba, èyí kò lè wọ ẹ̀rọ láéláé. Phebe ń wò mí báyìí, ó ń bi mí bóyá n kò mọ̀ pé iná ń yọ́ ike ni. Mo ní àgbàdo ni mo mọ̀.

Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́wàá, àlùfáà sì ń béèrè orúkọ tí wọ́n ó fi pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú. Bándélé ní kí o fi òmíràn rán Àmúdà. Mo ti kìlọ̀ fún Àmúdà pé kò gbọdọ̀ gbà á. Owó páànù ilé ìdáná tí mo bẹ̀ ọ́ fún náà, má fi rán ẹnikẹ́ni, fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Bí o bá sì fi dísíìkì ránṣẹ́, òkè ààrò kò tíì kún.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ohun gbogbo, yóò sì ṣẹ́ ìwọ̀nba kékeré kù, èyí tí wàá máa tìtorí rẹ̀ wálé.

Èmi baba rẹ, Ọlọ́rundáre. Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí.