Mi Ò Lóyún Nígbà Tí Wọ́n Yọ Orúkọ Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Balbriggan ní Ireland, létí òkun níbí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Mo kí Bàbá Ńlá, ẹ̀gbọ́n Bàámi, àwọn gan-an ni mo sì fẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa gbọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń kà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa mi, gbogbo Ìṣẹ́yìn ló gbọ́ ọ. Èsì rẹ̀ náà ò gbọdọ̀ fara pamọ́ sínú àpòòwé.

Ara mi le. Tọ́lá ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ló fi ń dá mi lóhùn. Tí mo bá bi í bóyá ó ti yó, á ní òun "grand", bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé kò séwu. Iṣẹ́ pọ̀ níbí báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown ni mo ti ń di ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sínú páálí. Òjò wọn kì í pariwo bíi tiwa, ńṣe ló máa ń rọ̀ wẹ́wẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ títí á fi wọni lára. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti máa ń ro ti Kóòṣì Ládípọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní pè é ní "wọn" nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ lásán sá ọgọ́rùn-ún mítà nílé ẹ̀kọ́ girama, mo fi àwọn tó wọ bàtà sílẹ̀ sẹ́yìn, Ládípọ̀ sì wá bẹ Bàámi pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ mi. Ó kọ́ mi lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ló kọ́ mi pé tí ìbọn bá dún, kí n má tètè gbé orí sókè. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí obìnrin kan ní Nàìjíríà tó borí mi. Bàámi gbé fọ́tò mi kọ́ sí pálọ̀, àlejò kan ò sì lè mu omi lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wò ó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ fún ìdíje lókè òkun ni Ládípọ̀ pè mí sẹ́yìn pápá. Ó ní àbúrò ìyàwó òun ló ṣe ipò kejì, kí n sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí kí ọmọ yẹn lè lọ dípò mi, pé mo ṣì kéré, àǹfààní mìíràn á wá. Mo ní rárá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ orúkọ mi. Ó ti sọ fún àwọn aláṣẹ pé mo lóyún, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Ó tún wọkọ̀ wá sílé wa, ó sọ ọ́ fún Bàámi lójú yín, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá wa kẹ́dùn.

Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí léèrè, Màámi. Bàámi ò bi mí. Wọ́n sọ fọ́tò náà kalẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án pé tí kò sọ́mọ, àwọn èèyàn ní mo ti ṣẹ́ ẹ. Bàámi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí àìsàn fi mú wọn lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bàbá Ńlá ní mi ò gbọdọ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, pé ìtìjú mi ló pa wọ́n. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo dúró sí títí wọ́n fi sin bàbá mi tán.

Mi ò sáré mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, títí di ọdún kẹta mi níbí. Bridie, obìnrin ará ibí tí a jọ ń di páálí, rí bí mo ṣe sá lé bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ló bá mú mi lọ sí ẹgbẹ́ àwọn eléré ìje àdúgbò rẹ̀. Mo bì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo padà lọ. Ìgbàkúùgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sáré, ojú Ládípọ̀ ni mo máa ń rí lókè ọ̀hún, ìyẹn ni mo ń sá lọ bá. Lọ́dún tó kọjá, mo gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin tó ti lé ní ọdún márùndínlógójì ní gbogbo Ireland. Bridie sunkún. Èmi ò rí ẹkún sun, torí ẹni tí mo fẹ́ kó rí mi kò sí níbẹ̀.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ nínú oṣù Karùn-ún pé ó ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Swords, ìlú kan nítòsí wa. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, fẹ́ ṣe ọjọ́ eré ìdárayá níbẹ̀, wọ́n sì ní òun ni yóò fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ àwọn tó bá borí lọ́rùn. Wọ́n ń pè é ní bàbá àwọn eléré. Mo forúkọ sílẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sáré lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Àwọn tí a jọ dúró lórí ìlà, mo lè bí òmíràn nínú wọn. Mo borí wọn. Ládípọ̀ gbé àmì ẹ̀yẹ wá, ó ń rẹ́rìn-ín, kò dá mi mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n pe orúkọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó rọra sọ fún mi pé, "Fọláṣadé, ó ti pẹ́. Jẹ́ kó tán síbẹ̀." Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń pe orúkọ.

Mo ní, "Ọkùnrin yìí sọ fún bàbá mi pé mo lóyún, kó lè fi àna rẹ̀ rọ́pò mi. Ẹ ní kó tún un sọ lójú mi."

Pásítọ̀ kan fẹ́ gba ẹ̀rọ náà, àmọ́ ọmọ Ládípọ̀ ti bọ́ síwájú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó bi í pé, "Dádì, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ọmọ tí ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò lóyún. Mo parọ́ mọ́ ọn."

Màámi, mi ò ní tàn yín: inú mi dùn. Mo rí ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó kẹ́yìn sí i, inú mi sì tún dùn sí i. Èmi náà mọ bí ó ṣe rí kí bàbá àti ọmọ má lè wo ara wọn lójú.

Látìgbà yẹn ló ti ń rán èèyàn sí mi. Pásítọ̀ wá, Alùfáà wá láti mọ́ṣáláṣí, àwọn méjèèjì ní kí n dárí jì í, kí n má jẹ́ kọ́rọ̀ náà délé. Mo fún wọn ní tíì, mo sì sọ fún wọn pé mi ò tíì dárí jì í. Ìṣẹ́yìn ló ti ba orúkọ mi jẹ́. Ìjẹ́wọ́ tó ṣe ní Swords kò tíì tó.

Nítorí náà, kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ka lẹ́tà yìí sókè fún Bàbá Ńlá, kí wọ́n má fo ìlà kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kà á níbi sàréè Bàámi. Mi ò bínú sí Bàámi mọ́; irọ́ ni wọ́n gbọ́, ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ló sì pa á. Ládípọ̀ ń padà sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìròyìn yìí ń jáde. Nígbà tó bá fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ẹ ó ti kà á tán.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà, ojú yín ò ní rí ìtìjú mọ́ lórí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn aládùúgbò, títí kan àwọn tó gba irọ́ náà gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé