Àmì Ọwọ́ Yín Lára Mọ́tò Dúdú

Bàbá mi,

Èmi ọmọbìnrin yín ni mo ń kọ̀wé yìí láti ilé wa ní Fìdítì, lórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀yin lẹ ba ọ̀dà mọ́tò yín jẹ́.

Ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo wa mọ́tò náà jáde sí oòrùn ni mo tó rí i dáadáa. Gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì kún fún ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yíká-yíká, bí òwú aláǹtakùn. Mo sì mọ ẹni tó fà á. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ á ti wà níta pẹ̀lú kànrìnkàn àti ọṣẹ oníyẹ̀fun, ẹ ń yí ọwọ́ po lára mọ́tò bí ẹni ń wẹ̀yìn fún ọmọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni báàkẹ́ẹ̀tì yín máa ń wà. Eruku pupa ilé wa á wọnú omi, kànrìnkàn á gbé e, ẹ á sì fi ha mọ́tò. Ẹ ń fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ tún ń dá àpá sí i lára. Ṣé ẹ mọ̀? Àbí ẹ mọ̀, àárọ̀ yẹn lẹ kàn fẹ́ràn?

Bọ̀dá mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí a tà á. Mo gbà, torí kò sẹ́ni tó ń wà á, táyà sì ti ń rọ̀. Ọkùnrin kan láti Akínmọ̀rìn ní òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ mọ̀ mí: ohun tí a bá máa ṣe, kí a yáa ṣe é. Ẹ̀yin náà lẹ rán mi lọ kọ́ ìmọ̀ òwò, wọ́n sì kọ́ wa níbẹ̀ pé ojú ni oníbàárà kọ́kọ́ fi ń ra ọjà.

Mo gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò kí ara rẹ̀ lè tutù. Mo fi omi ṣan iyanrìn kúrò kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ya omi ọṣẹ sọ́tọ̀, mo ya omi tí mo fi ń ṣan aṣọ sọ́tọ̀, mo sì lẹ téèpù mọ́ etí rọ́bà gbogbo. Iná ò wá. Mi ò dúró dè é, mo tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tí mo yá ní Ìlọrà láti fi pa ilà náà rẹ́ ní fóòmù lẹ́nu tó ń yí. Mo kán pọ́líìṣì sí i, mo ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ oúnjẹ lọ. Mo ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ilà bá ṣì kù, mo tún un ṣe.

Ìyá Sàkírù aládùúgbò wa yọjú lórí ògiri.

“Ìyàwó mọ́tò! O ò ní jẹun ni? Ọkọ ẹ ò ní sá lọ o!”

Mo rẹ́rìn-ín. Ohùn ènìyàn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ilé yìí dákẹ́ jù, Bàbá.

Nígbà tó yá, mo dé ilẹ̀kùn awakọ̀. Ibẹ̀ ni ilà pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ lẹ máa ń ti bẹ̀rẹ̀. A ti pín aṣọ yín. Bàtà yín ti lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ yín ṣì wà nílé yìí, èmi ni mo ń pa á rẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo dúró. Lẹ́yìn náà mo tún tàn án, mo ṣe é tán, mo fi ìda pa á lára. Ọjà tí a fẹ́ tà la kúkú ń tún ṣe.

Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó yí mọ́tò ká, ó ń fi ìka kan ara rẹ̀ gbà-gbà, ó ń dẹtí gbọ́ bóyá wọ́n ti lẹ ibì kan lára rẹ̀.

“Àǹtí, ta ló gbá a?”

“Kò sẹ́ni tó gbá a. Ọ̀dà tó bá a dé Nàìjíríà ló ṣì wà lára rẹ̀.”

“Ha! Àǹtí mi, àgbà tó bá pa irun láró, nǹkan ló ń bò. Mọ́tò tó dàgbà tó báyìí, kó má ní ilà kankan lára? Èmi ò ra mọ́tò tó ti takìtì o.”

Bí wọ́n ṣe ń ra mọ́tò lọ́dọ̀ wa nìyẹn: èyí tó bá ti dán jù, jàǹbá ni wọ́n á máa rò.

Àwòrán tí mo yà kí n tó bẹ̀rẹ̀ wà nínú fóònù mi, tòun ti gbogbo ilà yín. Kí n kàn fi hàn án, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tiẹ̀ dúró, ó ń wojú mi, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Mi ò yọ fóònù. Mo ní ó dàbọ̀, mo ti géètì.

Bọ̀dá ti pè. Mo sọ fún wọn pé ọkùnrin náà ò fẹ́ ẹ, irọ́ sì kọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ èyí tó kù fún.

Mo ń wò ó láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Ó ń dán. Kò sí yín lára rẹ̀ mọ́, mi ò sì lè tà á. Kí ni kí n wá fi ṣe, Bàbá?

Mo fẹ́ràn yín,
ọmọ yín tó wà nílé.