Itọ́ Ẹnu Alága

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Itọ́ ológbò mọ́kàndínlógún ni mo ti gbà. Ọ̀gá wa ní yàrá àyẹ̀wò ní ogún ni òun fẹ́, kí ara gbogbo wọn le. Ó ní láìsí wọn, ta ló máa gbà pé àmì tí à ń rí nínú itọ́ àwọn ológbò olójòjò, ti jẹjẹrẹ ẹnu ni? Níbo ni kí n ti rí ọ̀kan tó kù? — Háà, Alága! Ológbò ìyá ọkọ mi, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sórí àga rẹ̀. Ó sanra bíi tìmùtìmù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Màmá ò ní gbà, mo mọ̀. Mo dúró títí wọ́n fi wọ balùwẹ̀. Mo fi orúnkún há Alága, mo ti òwú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ha mí láyà. Ọkọ mi ní kí ló ṣe mí. Mo ní wáyà ni. Wáyà wo? Mo ní oorun ń kùn mí.

Ọjọ́rú, 5
Àyà ń ta mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo yẹ itọ́ náà wò lẹ́ẹ̀mẹta níbi iṣẹ́. Alága ní àmì jẹjẹrẹ.
Ọ̀gá bínú: ológbò tí ara rẹ̀ le lòun rán mi, mo tún lọ mú aláìsàn wá! Tí n bá sọ fún Màmá, wọ́n á mọ̀ pé mo jí itọ́. Tí n ò bá sọ, Alága á kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
N ò sọ. Ó jẹ ẹja méjì. Ó ń wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n ní, "Nígbà tí ọṣẹ wà lójú mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọjọ́rú, 12
Dókítà ẹranko rí jẹjẹrẹ náà lábẹ́ ahọ́n Alága, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó gé e. Ó ní ẹni tó tètè rí i ṣe é lóore. Màmá ò dúpẹ́. Wọ́n ní kí n jìnnà sí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ìròyìn ti tàn. Mo jí, mo bá ará ilé ọkọ mi mẹ́fà ní pálọ̀, wọ́n yanu kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin mú òwú tirẹ̀ dání. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ológbò nìkan ni mo mọ̀! Wọ́n ní ṣé ẹnu kì í ṣe ẹnu ni? Ọkọ mi ló ń tò wọ́n sórí ìlà. Ehín jíjẹrà ni mo rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá ti ilẹ̀kùn. "Ìyàwó mi, o ò tíì wo tèmi."
Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, lápá òsì. Egbò funfun, etí rẹ̀ le. Láti ọdún tó kọjá, wọ́n ní. Ẹni tó máa wò ó láì figbe ta ni wọ́n ń wá.
N ò figbe ta. Mo di ọwọ́ wọn mú. Ọ̀túnla, aago méje àárọ̀, èmi àti wọ́n — ilé ìwòsàn èèyàn. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ọmọ àwọn.