Páálí Ló Ń Sáré, Ọta Ń Rìn

Ọkọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó wa, mo kí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ yín, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ yín, ọ̀gá rẹ kò ní wá ẹ̀sùn sí ọ lẹ́sẹ̀. Tí o bá wà lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Orí ilé ìdáná tó ń jò ṣì ń jò. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń wo ènìyàn bí agbowó-orí. Àbúrò bàbá rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Àfi-kí-n-rí-i, kí ọ. Eyín ń dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe eyín, nítorí pé òun kò tíì rí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. O rántí àdéhùn wa. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ àgbàdo mi léṣìí, o ní mo ti dàgbà jù fún oko, o ní kí a tà á, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní ìlú ńlá. Mo ní rárá. O ní ó dáa, o máa ra ìbọn fún mi, ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá tún jẹ àgbàdo ọdún yìí, kò sí àríyànjiyàn mọ́, oko di títà nìyẹn. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, ni mo bá ní mo gbà. Ẹnu ara mi ló sọ ọ́, mi ò jiyàn. Bí oko tí èmi àti bàbá rẹ fọwọ́ ara wa ṣán, oko tó rán ọ nílé ìwé, ṣe di ohun tó kù sọ́wọ́ èmi àti ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìbọn dé, mo ka páálí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ọta rẹ̀ ń sáré ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tún un kà. Ìlérí ni mo pè é, torí ẹni tó bá kọ nǹkan sílẹ̀, tó tún ya àwòrán ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí i, kò yẹ kó parọ́. Mo bá fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀fà láti ẹnu ọ̀nà oko dé ìdí igi ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, mo so ògbólógbòó páànù kan mọ́ igi náà, mo ní kí Àfi-kí-n-rí-i fara pamọ́ sẹ́yìn igi kó máa gbọ́ bí ọta bá kan páànù. Mo ṣẹ́ ìbọn lọ́rùn kó lè fa afẹ́fẹ́ sínú, bí o ṣe kọ́ mi lórí fóònù, mo ki ọta bọ̀ ọ́, mo yìn ín. Mo kígbe bi í pé ṣé ó ti dé. Ó ní kò tíì dé. Mo ní kó ṣe sùúrù, bóyá ó yà síbì kan. A dúró dè é títí oòrùn fi rọlẹ̀, ọta ò dé, kò sì ránṣẹ́.

Nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ páálí, mo pè é láti fẹjọ́ sùn. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò dáhùn. Ó ní bí mo bá fẹ́ ra nǹkan kí n tẹ ení, bí mo bá ní ẹ̀sùn kí n tẹ èjì. Mo tẹ èjì títí àtàǹpàkò mi fi pọ́n. Ló bá fi orin sí i. Mo ní mi ò wá jó o, ẹjọ́ ni mo mú wá. Orin náà kò dáwọ́ dúró títí owó fóònù mi fi tán. Wọn ò kọ́ ọmọ yẹn nílé, ṣùgbọ́n mo ti ṣàdúrà fún un kí ìpè tó gé.

Mo bá gbé ìbọn àti páálí lọ bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe nígboro. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe tóóró, ó ń rùn fún òróró, ó sì ní àpótí kékeré kan tí ọta máa ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí àpótí náà á sì sọ bó ṣe sáré tó. Ó yin ìbọn mi, àpótí ní ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀. Mo ní àpótí ń tòògbé. Ó tún un yìn, ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, ó nù ún, nǹkan kan náà ló tún sọ. Ni mo bá gbé páálí síwájú àpótí pé kó kà á fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kí n jókòó. Ó ní àwọn tó ṣe ìbọn ló wá ọta tó fúyẹ́ jù lọ láyé tí wọ́n fi rí nọ́ńbà yẹn. Ó mú irú ọta náà kan, ó yìn ín, àpótí sún mọ́ ẹgbẹ̀fà, ìbọn ké bí igi tó dá, ṣùgbọ́n ara ògiri ni ọta lọ bá, kò débi agolo tó gbé kalẹ̀. Ó wá mú ọta òjé tó wúwo. Kò sáré, kò pariwo, ó sì dá agolo lu láàárín gbùngbùn. Ó ní láti ẹnu ìbọn ni àárẹ̀ ti ń mú ọta bọ̀, pé eré tó bá jáde kọ́ ló máa bá dé iwájú, nítorí náà kí n máa sún mọ́ ohun tí mo bá fẹ́ pa. Mo ní ṣé wọ́n parọ́ fún wa nìyẹn. Ó ní wọn ò parọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Mo ní níbi tí wọ́n bí èmi sí, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ọkọ mi. Nígbà tí bàbá rẹ ń fẹ́ mi, ó ní àpò àgbàdo méjì lòun ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dé ilé ọkọ, mo bá a níbi tó ti ń wọ́ ẹyọ kan nílẹ̀. Mi ò dá a padà fún àwọn tó ṣe é. A jọ wọ́ ọ ni.

Mo padà sóko pẹ̀lú ọta òjé. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ń rákòrò sún mọ́ àwọn olè náà débi tí mo fi ń rí irùngbọ̀n wọn. Àgbàdo ti wà nínú àká báyìí, Àfi-kí-n-rí-i ti wá, ó sì ti fọwọ́ kàn án. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ nínú rẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù ju èyí tí wọ́n jẹ lọ dáadáa. Bí o bá fẹ́ torí èyí tí wọ́n jẹ mú mi sí àdéhùn, máa bọ̀ wá mú mi.

Ọkùnrin tí o rán wá wo ilẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí n kórè. Ó dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ìbọn wà lórí itan mi, mo ń fi òróró pa á. Mi ò sọ̀rọ̀ burúkú sí i, mo fún un lómi mu. Ó béèrè bóyá ìbọn náà lágbára. Mo na páálí sí i. Ó kà á tán, ó ní òun ń bọ̀. Mi ò tíì rí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò mi tó wá kí yín ti dé. Ìwọ lo sọ fún mi pé yàrá mi ti wà nílẹ̀, pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òdòdó. Ó ní kò sí yàrá kankan. Ó ní orí àga ní pálọ̀ ni ìwọ fúnra rẹ ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ wà níta, kí ìyàwó àti ọmọ lè ráyè lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sunkún, ọmọ mi. Ṣé torí kí o lè gba ilé tó fẹ̀ ni o ṣe fẹ́ ta oko? Kí ló dé tí o kò sọ? Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò bínú sí ọ, àmọ́ a ò ta oko, mi ò sì ní wá lé ọ kúrò lórí àga.

Bá mi fi agolo ọta òjé ránṣẹ́, èyí tó wúwo ni o, àti owó díẹ̀ tí mo máa fi ra páànù sórí ilé ìdáná. Àpò àgbàdo kan ń bọ̀ wá bá yín, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ awakọ̀. Ọlọ́run yóò fẹ ọ̀nà rẹ, yóò gbé ọ lékè àwọn tí kò fẹ́ kí o sùn, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe fẹ́ tọ́jú mi. Mo ti gbá yàrá tí o ń sùn ní kékeré, mo sì ti tẹ́ ẹní tuntun sí i. Èmi ò bọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olóko.