Nítorí Iṣan Ẹsẹ̀ Kaothar

Èmi Ishaq, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní abà wa lẹ́bàá Ìrókò, ni mo kọ ìwé yìí. Bàbá Lìádì Àkànbí ló ń sọ ọ́, nítorí wọn kò lọ sílé ìwé. Kaothar ọmọ wọn, tó wà ní Ìkòròdú pẹ̀lú oyún oṣù méje, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Kaothar ọmọ mi, àsàláàmù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Najeem ọkọ rẹ ńkọ́? Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ìwọ àti ọmọ inú rẹ jọ sùn lórí ẹní kan náà, kí ara yín tutù bí omi inú àmù. Àmín.

Ìyá rẹ wà, àgbàdo ti ń yọ irun, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí mẹ́ta láàárọ̀ Àlàmísì, òun nìkan, kò pe ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ìyá rẹ wo bí ó ṣe rọrùn, ó ní kí n lọ fẹ́ ewúrẹ́.

Àwòrán ẹsẹ̀ rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù Lateef ẹ̀gbọ́n rẹ dé ọwọ́ wa. Láti ìgbà tí mo ti rí i ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Iṣan náà wú láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ẹ̀yìn orúnkún, ó lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn iṣu, ó dúdú bí ẹni tí wọ́n ta àró sí. Lateef ní dókítà sọ pé oyún ló fà á, pé kí o máa gbé ẹsẹ̀ sókè, kí o má dúró pẹ́, kí o sì máa wọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó fún pinpin. Mo ní ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ni wọ́n tún ń dì bí ẹrù igi? Mo bu òrí, mo fi pa ẹsẹ̀ náà níbi tó wà nínú fóònù, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì ń ka Fátíà sí i. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹsẹ̀ náà ń tóbi sí i. Ẹ̀rù bà mí, mo tún bu òrí sí i. Láti ọjọ́ náà fóònù ò gbọ́ràn mọ́, Lateef ní òrí ti wọ ihò ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ wà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí. Ìdí nìyẹn tí a ò fi pè ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ìkòkò òrí rán Mikail dírẹ́bà sí ọ, pé kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ líle tẹ ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o sì palẹ̀ ẹrù mọ́ kí o máa bọ̀ wá bímọ nílé, lọ́dọ̀ Ìyá Hasanat agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ìwọ àti Lateef. Ìdí ọsàn ẹ̀yìn ilé ni mo sin ibi yín sí, mo sì ti gbẹ́ ihò ti ọmọ yìí sílẹ̀. Mo búra lójú ìyá rẹ pé kò sí ọmọ-ọmọ mi tí wọn yóò da ibi rẹ̀ nù sí ìlú ẹlòmíràn.

Èsì tí Mikail mú bọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá ń rọbí, iṣan náà yóò bẹ́, pé bóyá kí wọ́n kúkú fi abẹ gbé ọmọ náà, tàbí kí o wá sílé, o ò mọ èyí tí o máa ṣe. Ó ní o ń tiro.

Ní Àtàlátà mo lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba, láti lọ bá a jà nítorí ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ aboyún ni, ẹni tí kò bá gba nọ́ńbà kò ní rí i. Mo gba nọ́ńbà, mo jókòó sí àárín àwọn aboyún. Ọ̀kan sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní Bàbá, ẹ rọra o, oṣù mélòó ni tiyín? Mo ní méje ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n gbé mi sórí ìwọ̀n, mi ò jiyàn, mo rò pé bóyá ìwúwo bàbá ni wọ́n fi ń mọ ti ọmọ.

Nọ́ọ̀sì náà, Morónikẹ́ lorúkọ rẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ mi tán. Ó ní iṣan tó wú kò ní kí obìnrin má bímọ fúnra rẹ̀, pé nítorí rẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi abẹ gbé ọmọ. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ náà dára, kí o máa wọ̀ ọ́ kí o tó dìde láàárọ̀, kí o máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kí o máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì. Mi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ kan ni mo rí nínú fóònù. Ó ní bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú, tó gbóná, tó ń dùn ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ rárá, kí o lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀ kó gba ibẹ̀ lọ sí àyà. Ọmọ mi, ọwọ́ líle tí mo ní kí wọ́n fi tẹ̀ ọ́ ló sọ sí mi lọ́kàn.

Láti ìgbà náà, mo gbé ọkọ́ lọ sóko, mo dé ìdí ebè, mo padà. Ìyá rẹ ní, Bàbá Kaothar, ẹ jókòó, ìrìn tí ẹ rìn yí ilé yìí ká ti tó Ìbàdàn.

Nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ náà. Má wá bímọ nílé. Ìyá Hasanat fúnra rẹ̀ ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ya, kí ni òun fẹ́ fi dí i? Bímọ níbi tí dókítà àti ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí. Bí wọ́n bá ní kí o rọbí, rọbí. Bó bá jẹ́ abẹ ni, kí wọ́n fi abẹ gbé e. Mo ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ihò náà. Ní ti ìbúra mi tí mo yẹ̀ yìí, Ishaq ní bí n kò bá lè bọ́ tálákà mẹ́wàá, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gba méjì.

Mi ò fi ìwé yìí rán ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo fi lé ọ lọ́wọ́ ni mo dúró níwájú rẹ yìí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá rí ọ, àṣẹ ni n ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Owó ọkọ̀ àlọ nìkan ló wà lápò mi, o ó wá ti àbọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kánjú. Má kúnlẹ̀ kí mi. Má lọ bu omi wá. Jókòó, ká aṣọ sókè, fi ẹsẹ̀ méjèèjì hàn mí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n bára mu.

Àtẹ̀ka Lìádì Àkànbí nìyí.
Ẹlẹ́rìí: Mùjíbátù, ìyá Kaothar.
Ẹlẹ́rìí: Mikail dírẹ́bà.