Ààlè tí Mo Fi Ṣọ́ Ìpìlẹ̀ Rẹ

                                        Ilé Oníyangí,
                                        Èjìgbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        28 Oṣù Kẹta, 1994.

Ọ̀rẹ́ mi Mùínàt, ará Àbíjáàn,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Múrítàlá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tó ń sọ Faransé sí ewúrẹ́ wa nígbà tí ẹ wálé kẹ́yìn? Ẹ kú ààwẹ̀ tó lọ, ẹ kú ọdún ìtúnu. Ẹ sì kú ọ̀rọ̀ owó sẹ́fà yín tó já lulẹ̀. A gbọ́ níbí. Èmi náà wà láàyè, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ò tíì kú, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí, ọwọ́ mi sì ń rùn láti ìjẹta. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ. Jókòó kí o tó kà á.

Mùínàt, díẹ̀ ló kù kí ìpìlẹ̀ ilé rẹ di ààtàn ìjọba. Mi ò bù mọ́ ọn. O rántí pé gbogbo Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni à ń ṣe ìmọ́tótó, láti aago méje sí aago mẹ́wàá. A máa ń gbálẹ̀, a máa ń kó ìdọ̀tí lọ sẹ́bàá títì, káńsù á sì fi típà wá kó o. Ètò tó dára ni, àfi pé típà káńsù kò ju ẹyọ kan lọ, orí òkúta ló sì ti wà láti ìgbà iṣu tuntun èṣí, nítorí kò ní táyà. Bí a bá kó ìdọ̀tí síta tán, ewúrẹ́ á tú u, òjò á gbá a sínú gọ́tà, gọ́tà á sì dá a padà sẹ́nu ọ̀nà wa. Bó bá di oṣù tó ń bọ̀, a tún máa kó o jáde. Àwọn ìdọ̀tí kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń dá mọ̀ lójú.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ṣe rántí ìpìlẹ̀ rẹ. Ó ti wà láti ọdún mẹ́fà, onílé ò sí nítòsí, ó sì jinlẹ̀ dáadáa. Wọn ò kàn da ìdọ̀tí síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ o; wọ́n pín in bí ayálégbé ni. Ìyá Kùdírátù tó ń din àkàrà ló gba pálọ̀, eérú nìkan ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Agboolé ìyá Abíọ́nà gba yàrá méjì. Jímọ́ọ̀ alápatà gba ilé ìdáná, ó sì bá a mu, nítorí láti ìgbà náà ni egungun ẹran ò ti wọ́n níbẹ̀. Ìwọ ń ṣiṣẹ́ ní Àbíjáàn, ilé rẹ sì ti kún.

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn gbọ́. Mo jà, wọ́n ní kí n má bínú. Ni mo bá ṣe ohun tí bàbá mi ìbá ṣe: mo pa ààlè. Mo ri igi mọ́lẹ̀ láàárín pálọ̀, mo so àgékù ìgbálẹ̀ mọ́ ọn, mo so ṣùkù àgbàdo, mo sì so bàtà rọ́bà rẹ, èyí tí o ń wọ̀ nígbà tí a jọ wà nílé ìwé. O ò gbàgbé, àbí? Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ, o mú ẹsẹ̀ kan, o fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ fún mi, o ní ẹsẹ̀ kan ò ṣeé wọ̀, dandan ni kí o padà wá bá èkejì. Alfa àdúgbò wa bá mi wí pé mùsùlùmí kì í pa ààlè. Mo ní kí wọ́n bá mi fi àdúrà lé ìdọ̀tí lọ nígbà náà. Wọ́n bínú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Àwọn ènìyàn wa bẹ̀rù ààlè gan-an. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò tẹsẹ̀ bọ ìpìlẹ̀ rẹ mọ́. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ń dúró sí tí wọ́n ń jù ú sínú. Wọ́n ní kí àwọn má wọlé ni ààlè sọ, kò sọ pé kí ìdọ̀tí má wọlé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìn-ín-ní, òkìtì ti bo ààlè náà mọ́lẹ̀, àtigi àti bàtà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wolé-wolé dé pẹ̀lú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ ìlú Ara, alàgbà ìjọ, wọn kì í bọ́ táì lọ́rùn nínú oòrùn tó mú jù lọ. Ìwé náà ní káńsù ń wá ibi tí ìlú á máa da ìdọ̀tí sí, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ààtàn ti wà lórí ìpìlẹ̀ rẹ, tí a ò sì rí ẹni tó ń kọ́ ọ, ibẹ̀ ni àwọn ó mú. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Máàpù ìlú wà lára ògiri wọn, gọ́tà tí a ò rí rí wà níbi gbogbo lórí rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ìlú wo nìyí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ òótọ́ fún mi: "Ìyá Mọ́rúfù, gbogbo ilẹ̀ ìlú yìí ló ní baba. Èyí tí mo bá fọwọ́ kàn, agboolé mẹ́ta á gbé mi lọ sí kóòtù. Ti ọ̀rẹ́ yín nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bá mi jà lé lórí." Mo ní èmi ń bá wọn jà báyìí. Wọ́n ní típà ti rí táyà. Bí ìpìlẹ̀ náà bá mọ́ kí aago mẹ́wàá tó lù lọ́jọ́ ìmọ́tótó, àwọn á pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú ìwé náà. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, típà ń lọ sí Ara.

Ní Sátidé ìjẹta, típà dé ní aago mẹ́jọ, òun àti lébìrà mẹ́rin. Àyàndá olórí wọn ti gbé ṣọ́bìrì sókè nígbà tí ìyá Abíọ́nà fi inú rere ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn pé, "Ẹ rọra o, ààlè Fàsílátù ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀." Ṣọ́bìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyàndá ní òun bímọ, òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ní ààlè kan ò lágbára lórí ìjọba, àti pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ju ṣùkù àgbàdo lọ. Àyàndá ní ọ̀rọ̀ wọn dára, ó sì na ṣọ́bìrì sí wọn. Alàgbà bá rántí pé fáìlì àwọn wà lẹ́yìn típà, wọ́n lọ síbẹ̀, wọn ò tètè padà.

Ṣé o rí i? Ààlè tí kò lè ní kí ìdọ̀tí má wọlé, òun ló wá ní kó má jáde.

Ẹni tó pa ààlè ló gbọ́dọ̀ tú u. Mo gbá ìró mọ́ra, mo wọ pálọ̀ rẹ. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi tí n kò da nǹkan kan, eérú àkàrà ló bò mí dé ìbàdí. Ọwọ́ ni mo fi gbẹ́ ẹ. Mo rí òkú bátìrì, mo rí ìwo màlúù, mo tilẹ̀ rí abọ́ mi tó sọnù lọ́dún ìtúnu èṣí, mo sì mọ ẹni tó jù ú síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tò sẹ́bàá títì, wọ́n ń júwe fún mi: ọwọ́ ọ̀tún, rárá, sún sí òsì díẹ̀. Dírẹ́bà ń wo aago. Ojú tì mí, inú sì bí mi, sí wọn àti sí ìwọ náà, mi ò ní purọ́. Mo ń sunkún, mo ń gbẹ́.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá nígbà tí ọwọ́ mi ba rọ́bà. Ikán ti jẹ igi àti ṣùkù tán, bàtà nìkan ló kù. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, lébìrà bọ́ sínú, Jímọ́ọ̀ bọ́ sínú, ìyá Kùdírátù ní eérú àwọn ni, àwọn á kó o. Aago mẹ́wàá lù, ó ku yàrá kan. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní ó máa ń sáré jù, wọ́n bọ́ táì, wọ́n mú ṣọ́bìrì. Ìpìlẹ̀ rẹ mọ́. Ibi tí típà lọ dà á sí, mi ò bèèrè.

Wọ́n ti pa orúkọ rẹ rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ ní ìparí oṣù kẹfà, bí kò bá sí búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù, àwọn á tún kọ ọ́. Mi ò lè bá wọn jà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì ní pa ààlè mọ́. Ìdọ̀tí ò bẹ̀rù bàtà, onílé ló ń bẹ̀rù. Àárò rẹ ń sọ mí, Mùínàt. O ní o ń bọ̀ ní Iléyá. Èṣí náà o sọ bẹ́ẹ̀.

Bàrákátù àbúrò rẹ ń kí ọ. Alfa ń kí ọ, wọ́n ti dárí jì mí. Bá mi kí bàbá Múrítàlá àti gbogbo ará Èjìgbò tó wà lọ́dọ̀ yín.

Mo ti fọ bàtà náà, ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi. Bí o bá ń bọ̀, mú ẹsẹ̀ kejì dání. Bí o kò bá ní bọ̀ mọ́, fi í rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, kí n lè da méjèèjì nù pọ̀. Ṣùgbọ́n kí o sọ ibi tí n ó dà wọ́n sí, nítorí káńsù ò tíì rí ààtàn.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lọ síbì kan,
                                        Fàsílátù