Èsì Méjì fún Ọkàn Màmá Mi

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe ohun tí mi ò lè sọ nílé wa... Raji Rasaki Estate là ń gbé. Màmá mi ní jẹjẹrẹ ọmú. Chemo tí wọ́n ń gbà ti ń ṣiṣẹ́, kókó yẹn ti ń sún kì, inú wa ń dùn. Ṣùgbọ́n dókítà ní oògùn yẹn lè ba ọkàn jẹ́, pé kí n mú wọn lọ ya scan, kí kọ̀ǹpútà ka bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde sí.

Ibi àkọ́kọ́, 38 percent. Wọ́n ní kò dáa, pé ó yẹ kó ju àádọ́ta lọ. Ṣé wọ́n á wá dá chemo dúró ni? Ṣé kí jẹjẹrẹ wá pa ìyá mi ni? Mo parọ́ fún Màmá pé àwòrán yẹn ò jáde dáadáa, mo mú wọn lọ síbòmíràn. 54! Ọkàn kan náà o, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan! Mo bi òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀, ó ní, "Àǹtí, kọ̀ǹpútà ló ń fa ìlà yí ọkàn ká fúnra ẹ̀, ó lè ṣì í fà. Tiwa náà lè ṣì í. Ẹ gbé méjèèjì lọ fún dókítà." Mo ní mo ti gbọ́.

54 nìkan ni mo gbé lọ. Mo ya 38 yẹn sí wẹ́wẹ́ ní Apple Junction. Dókítà ní kí chemo máa lọ. Lẹ́yìn ìgbà kejì tí wọ́n tún gbà á, ẹsẹ̀ Màmá wú, wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó lè mí... síbẹ̀ wọ́n á dì mí lọ́wọ́ mú, "Ọmọ mi, o ṣeun, o ò fi mí sílẹ̀." Orí àga yẹn náà ni wọ́n dákẹ́ sí. Ọkàn ló pa wọ́n, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Bọ̀dá mi, àkọ́bí wa, ti wá ń sọ pé dókítà ló pa Màmá. Wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí i ní Monday torí èmi ni mo ń mú Màmá lọ síbi gbogbo. Dókítà tó wá kí wa nílé, tó sunkún! Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú nọ́ńbà méjèèjì. Bóyá 54 ló tọ̀nà... ṣùgbọ́n èmi ni mo yan èyí tó wù mí. Tí mo bá jẹ́wọ́, Bọ̀dá mi ò ní wojú mi mọ́ láé, àwa méjì péré la sì kù. Tí mo bá fọwọ́ sí i, mo gbé ẹ̀bi mi kọ́ aláìṣẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, kí ni kí n ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Bọ̀dá mi ni àbí dókítà?